Kòkòrò Tí Ń Jẹ Obì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí sọ: ẹni tí ó mọ ọ̀nà yàrá ẹni ni ó ń ṣe ẹni. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí òwe náà bá mu gẹ́lẹ́, láìsí pé a ń pa á lówe. Àrùn ọ̀hún ni jẹjẹrẹ inú ikùn, èyí tí ó máa ń mú àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí bí ó bá ti kọjá ọ̀fun. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Inú ikùn gan-an ni kòkòrò náà sì fi ṣe ilé, láti ìgbà èwe ènìyàn títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ni ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi gbé láàárín àwọn Látínò ní ìlú Los Angeles. Látínò ni wọ́n ń pe àwọn ará Amẹ́ríkà tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò, Guatemala, Kòlóḿbíà, Pérù, àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí èdè Sípéènì ti gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà ní 2020, àwọn Látínò lé ní 62 mílíọ̀nù. Mo gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, mo jẹ nínú oúnjẹ wọn, mo bá wọn ṣe ìnáwó, mo sì bá wọn sin òkú. Jẹjẹrẹ ikùn ń mú wọn tó ìlọ́po méjì bí ó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń gbé ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn wà, àyẹ̀wò sì wà. Ọ̀rọ̀ tí yóò mú ènìyàn dé ìdí wọn ni kò tíì tó.

Helicobacter pylori ni àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò tí mo ń wí. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà nílé ẹ̀kọ́ ni pé kò sí ohun abẹ̀mí tí ó lè fi inú ikùn ṣe ibùgbé, nítorí pé omi tí ń da oúnjẹ níbẹ̀ kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ní 1982, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall mú kòkòrò náà hù nínú àwo. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall po kòkòrò náà mu ní 1984. Kò pẹ́ rárá tí inú rẹ̀ fi dà rú, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé awọ ikùn rẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú. Àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka kòkòrò náà ní 1994 mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn, ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú tábà. Ní 2005, wọ́n fún Warren àti Marshall ní ẹ̀bùn Nobel.

Ìgbà èwe ni kòkòrò yìí sábà máa ń wọ ara. Ó lè ti ẹnu ìyá dé ẹnu ọmọ, ó lè gba inú omi tí kò mọ́, ó sì máa ń ràn kíákíá nínú ilé tí èrò pọ̀ sí jù. Nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé ni ó ti wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n bá bá a lára rẹ̀ kò ní láti sọ̀rètí nù, nítorí pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ó ní in, ẹnìkan sí ẹni mẹ́ta ni jẹjẹrẹ ń mú nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lé e, kì í sábà lọ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Kòlóḿbíà kan, Pelayo Correa, tí ó kọ́ni ní yunifásítì tí ó wà ní ìlú Cali, ni ó la ojú ayé sí ọ̀nà tí àrùn náà ń tọ̀. Ní 1975, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ ikùn kì í dédé bẹ́. Awọ ikùn á kọ́kọ́ pọ́n, á sì wú. Bí ó bá pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, á sì máa gbẹ. Lẹ́yìn èyí, awọ tí ó jọ ti ìfun á hù rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ ni ara á sì ti máa ṣìwà hù títí jẹjẹrẹ yóò fi dé. Ìrìn náà lè gba ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àrùn yìí fún wa ní ogún ọdún láti pẹ̀ka rẹ̀, bí a bá mọ̀ pé ó ti hù.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní gúúsù Kòlóḿbíà tí ó ń jẹ́ Nariño, tí Correa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní orí òkè Andes, ní agbègbè Túquerres, wọ́n rí i pé nǹkan bí 150 nínú 100,000 ènìyàn ni jẹjẹrẹ ikùn ń mú lọ́dún. Ní Tumaco, tí ó wà létí òkun, wọn kò ju bí mẹ́fà lọ. Nǹkan bí 200 kìlómítà péré ni ó wà láàárín ibi méjèèjì, kòkòrò náà sì pọ̀ lára àwọn ènìyàn ibẹ̀ bákan náà. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀?

Ọmọ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú àwọn ará Tumaco, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba èbúté Cartagena wọlé lọ wa wúrà. Ní ìpínlẹ̀ Cauca tí ó bá wọn pààlà, àwọn ìdílé dúdú kan ṣì ń jẹ́ Lucumí títí di òní, orúkọ tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn aládùúgbò wọn láyé òwò ẹrú. Àwọn ará orí òkè ní tiwọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ àtijọ́, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Sípéènì dà pọ̀ mọ́ tiwọn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ìran kòkòrò náà tí ó ti Áfíríkà wá kì í fi bẹ́ẹ̀ da ikùn ọmọ Áfíríkà láàmú, nítorí pé wọ́n ti jọ ń gbé pẹ́. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sínú ikùn ẹni tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, a máa ba ibẹ̀ jẹ́ gidigidi, bí àlejò tí kò mọ èèwọ̀ ilé. Oúnjẹ náà ń kó ipa tirẹ̀: àwọn ará etí òkun ń jẹ ẹja tútù àti èso ju àwọn ará òkè lọ.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa Yorùbá má torí èyí ká ọwọ́ lẹ́rán. Ní 1992, dókítà kan tí ń jẹ́ Holcombe, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Maiduguri, kọ ọ́ pé kòkòrò náà pọ̀ ní Áfíríkà ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì pe ọ̀rọ̀ náà ní àdììtú ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn mìíràn ti fèsì pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ikùn ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ohun tí a kò bá wò, báwo ni a ó ṣe kà á?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti díjú. Ní nǹkan bí 1930, jẹjẹrẹ ikùn wà lára àwọn tí ó ń pa ènìyàn jù lọ ní ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni fíríìjì dé ilé gbogbo, tí wọn kò fi iyọ̀ àti èéfín tọ́jú ẹran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Omi mọ́, yàrá gbòòrò, kòkòrò náà sì ń dín kù lára àwọn ọmọ láti ìran dé ìran. Àrùn náà fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ogun tì í. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ti lọ, ìrántí rẹ̀ náà a máa bá a lọ. Ọ̀dọ́ dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lónìí lè pẹ́ kí ó tó rí ẹnìkan tí àrùn náà mú, nítorí náà kì í tètè sọ sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni aṣíkiri tí ó ti òkè Guatemala wá gbé ẹrù méjì wọ̀lú: èyí tí àwọn aṣọ́bodè tú wò, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa tí ó jẹ́ ọmọ òkè náà. Doña ni gbogbo wa máa ń fi ṣáájú orúkọ rẹ̀, nítorí pé wọn kì í pe orúkọ àgbà lásán ní ilẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í ṣe é nílẹ̀ wa. Tamales ni ó ń sè tà ní àárọ̀ kùtù, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n dì sínú háhá, tí ó jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀ lójú mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Ó máa ń sọ pé inú ń ta òun, a sì máa po òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní manzanilla mọ́ omi gbígbóná mu. Nígbà tí kò lọ, ó gba ilé ìwòsàn kékeré kan lọ. Wọ́n fún un ní hóró oògùn tí ń dín ìkan inú kù, ara sì tù ú. Ó tún padà lọ, wọ́n tún fún un. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ń mu ọtí, wọ́n bi í bóyá ata ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì bi í ta ni yóò san owó. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, "Mámà, níbo ni wọ́n bí yín? Kí ni ó pa bàbá yín?"

Ikùn ni ó pa bàbá rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jókòó níwájú ilé, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ òjò.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí òkèlè méjì sì ti ń yó o, ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni a sin ín.

Mo ti rí àwọn tí ó ń bú manzanilla nítorí irú ìtàn yìí. Èmi kì í bá wọn bú u. Ohun tí ìyá fi wo ọmọ sàn ní kékeré kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Àwọn Látínò ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní empacho, ìyẹn ni pé oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ibi kan nínú ikùn, tí kò lọ, tí kò bọ̀. Wọ́n á fi òróró wọ́ ikùn náà, wọ́n á sì fún aláìsàn ní àgbo. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú èyí? Bí inú bá ti ń run ọmọ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń pè é, ìgò àgbo á sì dé orí tábìlì. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé a máa ń ka ìtura sí ìwòsàn. Hóró oògùn tí dókítà kọ fún màmá yẹn ṣe ohun kan náà tí manzanilla ṣe: ó mú kí ó lè sùn, kòkòrò sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò sọ fún pé ètè wà, làpálàpá nìkan ni yóò máa pa.

Orúkọ àrùn náà tún jẹ́ ìdènà fúnra rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ fi ń pe alákàn ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é ti ṣẹ̀ wá, nítorí bí ó ṣe ń na ẹsẹ̀ káàkiri ara. Tiwa, jẹjẹrẹ, dún bí ohun tí ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó wù kí a pè é, ẹ̀rù rẹ̀ wà lẹ́nu. Ọmọ màmá yẹn kò pe orúkọ rẹ̀ rí lójú mi. "Ohun tí ó mú ìyá mi" ni ó ń wí. Ó yé mi dáadáa, nítorí pé ilẹ̀ gbígbóná ni àwọn bàbá tiwa pe ṣọ̀pọ̀ná, kí ó má baà gbọ́ kí ó yà wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n àrùn tí a kò bá dárúkọ, a kò lè bi dókítà nípa rẹ̀, a kò sì lè kìlọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ìyá ẹni tí ó wà ní ìlú mìíràn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà gbé ìwé tí ilé ìwòsàn kọ fún wọn wá bá mi pé kí n bá òun kà á. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣe kókó. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ ikùn, ewu tirẹ̀ a máa tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti ẹlòmíràn, nítorí náà kí gbogbo ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin fi rẹ́rìn-ín. Ó ní ara òun le koko. Àbúrò rẹ̀ kò fún un ní ìsinmi. Ó ń pè é lálaalẹ́, títí ó fi lọ. Wọ́n bá kòkòrò náà lára mẹ́ta nínú wọn, ẹ̀gbọ́n náà sì wà lára wọn. Wọ́n lo oògùn, kòkòrò sì kúrò.

Àyẹ̀wò náà kò nira. Ènìyàn lè fẹ́ èémí sínú àpò kan, tàbí kí ó gbé ìgbẹ́ díẹ̀ wá. Bí ó bá ń lo oògùn tí ń dín ìkan inú kù, kí ó sọ fún dókítà, nítorí pé ó lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń ní kí a fi í sílẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí kòkòrò, oògùn apakòkòrò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú èyí tí ń dín ìkan kù, ni wọn yóò kọ, ó sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí a lò ó tán pátápátá. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, kí a tún àyẹ̀wò ṣe, nítorí kòkòrò mìíràn lágídí. Oògùn tí a dá rà fúnra wa ló ń kọ́ ọ ní agídí ọ̀hún.

Ẹni tí ó bá ń tètè yó, tí ó ń rù láìgbààwẹ̀, tí ó ń bì léraléra, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí ó má ṣe dúró lórí àyẹ̀wò èémí nìkan. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lórí wo inú ikùn rẹ̀ gan-an. Ní ti oúnjẹ, kí a dín ẹran oníyọ̀ àti ẹran tí wọ́n fi èéfín tọ́jú kù, kí a jìnnà sí tábà, kí èso àti ẹ̀fọ́ sì pọ̀ nínú àwo. Àwọn Látínò kò ní láti ta oúnjẹ baba wọn nù nítorí èyí. Ẹ̀wà, àgbàdo, tòmátì àti píà wọn dára ju ohun tí wọ́n ń rà nínú ike ní Amẹ́ríkà lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní Kòríà Gúúsù, ìjọba ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ogójì ọdún láti wá wo ikùn rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó ju méje nínú mẹ́wàá àwọn tí àrùn náà mú lọ tí wọ́n ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, díẹ̀ ni ó fi lé ní ìdá mẹ́ta. Ní àwọn erékùṣù Matsu ní Táíwàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé kòkòrò náà kúrò lára gbogbo àgbàlagbà láti 2004. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò lẹ́yìn ọdún díẹ̀ lé ní mẹ́wàá, jẹjẹrẹ ikùn ti dín ju ìdajì lọ. Amẹ́ríkà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ní 2025, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ikùn níbẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n ro ti wíwo ikùn àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ tí àrùn náà ti pọ̀, àti àwọn tí ó ti pa ẹnìkan nínú ẹbí wọn.

Ìmọ̀ràn dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà? Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ń bẹ̀rù ọ́fíìsì. Ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ lójúmọ́ kò fẹ́ pàdánù ọjọ́ kan. Àwọn Látínò fúnra wọn ní ìdáhùn tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń pè ní promotoras, tí wọ́n kọ́ ní ìwọ̀nba ìmọ̀ ìlera, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń sọ èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ikùn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lè má jẹ́ Látínò, ṣùgbọ́n bóyá ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aládùúgbò yín ní Houston tàbí ní Chicago, tàbí kí ó jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ yín. Bí ó bá sọ fún yín pé inú ń ta òun, ẹ má ṣe yára ní kó pẹ̀lẹ́ lásán. Ẹ bi í níbi tí wọ́n bí i sí, kí ẹ sì bi í ohun tí ó pa bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, kí ẹ sì pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀.